Ìlà tó ń gòkè, ìlà tó ń wálẹ̀: ṣé iye oyè tí wọ́n ń gbà ní Amẹ́ríkà tó fi yan kọ́ọ̀sì?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Àbúrò mi obìnrin fẹ́ wọ yunifásítì ní Amẹ́ríkà, lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló sì wù ú láti kà. Ẹ̀gbọ́n wa àgbà ní kò gbọdọ̀ dán an wò. Ó fi àwòrán ìṣirò kan hàn wá tó bẹ̀rẹ̀ láti 1970: ìlà Gẹ̀ẹ́sì ń wálẹ̀, ti kọ̀ǹpútà ń gòkè bí ẹni ń gun òkè. Àwòrán náà tún sọ pé obìnrin ló ń gboyè jù ọkùnrin lọ báyìí, àti pé àwọn tó ń gba oyè dókítà ti di ìlọ́po méjì. Ṣé òótọ́ ni gbogbo rẹ̀? Kí ló fà á? Ṣé ó sì yẹ ká fi yan kọ́ọ̀sì fún ọmọ?

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun tí ẹ bi mí. Kí n má fi ọ̀rọ̀ falẹ̀: òótọ́ ni ohun tí àwòrán náà sọ nípa Gẹ̀ẹ́sì àti kọ̀ǹpútà, òótọ́ sì ni ti àwọn obìnrin. Ti oyè dókítà ni ọwọ́ ti wọ̀, màá sọ bó ṣe jẹ́ tí a bá débẹ̀. Ṣùgbọ́n pé kí a fi irú àwòrán bẹ́ẹ̀ yan kọ́ọ̀sì, èmi ò ní gbà. Iye oyè tí àwọn ènìyàn gbà lọ́dún kan kì í sọ ohun tó ń lọ lọ́dún náà. Ohun tí àwọn ọmọ ọdún méjìdínlógún ń rò ní ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún sẹ́yìn ló ń sọ. Mànàmáná ti kọ tipẹ́ kí àrá tó dún, àrá sì ni ẹ̀gbọ́n yín ń gbọ́ yẹn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ibi tí ìṣirò náà ti ń wá. Láti 1867 ni ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ti dá ọ́fíìsì kan sílẹ̀ tí yóò máa kó ìròyìn nípa ẹ̀kọ́ jọ. Lóde òní, NCES, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ìṣirò ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́, ló jogún iṣẹ́ náà. Gbogbo ilé ẹ̀kọ́ gíga tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ń jẹ àǹfààní owó ìrànwọ́ ìjọba àpapọ̀ ló gbọ́dọ̀ fi iye oyè tó fún ènìyàn ránṣẹ́ lọ́dọọdún, nípasẹ̀ ètò tí wọ́n ń pè ní IPEDS. Ọjọ́ kìíní oṣù keje ni ọdún wọn ń bẹ̀rẹ̀, ó sì ń parí ní ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù kẹfà. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rí i tí wọ́n ń kọ 2020-21 dípò ọdún kan ṣoṣo. Oyè ni wọ́n ń kà, wọn kì í ka orí ènìyàn: ẹni tó gba oyè méjì, ẹ̀ẹ̀mejì ló wọ ìwé. Ẹni tó sì kẹ́kọ̀ọ́ nǹkan méjì pọ̀ fún oyè kan ṣoṣo, èyí tó fi ṣe èkíní ni tábìlì tí gbogbo ènìyàn ń lò máa ń kà. Èkejì wà nínú àkọsílẹ̀ mìíràn tí ẹni díẹ̀ ń ṣí wò. Ọmọ tó ka ọrọ̀ ajé pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì, tó fi ọrọ̀ ajé ṣáájú, kò sí nínú ìlà Gẹ̀ẹ́sì tí ẹ rí.

Ohun mìíràn tó yẹ kí ẹ mọ̀ ni ìdí tí àwòrán náà fi bẹ̀rẹ̀ láti 1970. Ẹ̀gbọ́n yín kò tàn yín. Tábìlì tí NCES ń tẹ̀ jáde nípa ẹ̀ka ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan, láti 1970-71 ló ti ń bẹ̀rẹ̀, nítorí náà gbogbo ẹni tó bá fẹ́ ya irú àwòrán bẹ́ẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Àmọ́ orí òkè ìgbì ńlá kan ni 1970 wà, ẹni tó bá sì bẹ̀rẹ̀ ìṣirò látorí òkè, ibi gbogbo ni yóò máa rí bí ìsàlẹ̀. Kí ọ̀rọ̀ yìí lè yé wa, ó di dandan ká padà sẹ́yìn díẹ̀.

Ní 1869-70, oyè àkọ́kọ́ tí gbogbo ilé ẹ̀kọ́ gíga Amẹ́ríkà fún ènìyàn jẹ́ 9,371. Obìnrin gba 1,378 nínú rẹ̀. Lónìí, yunifásítì ńlá kan ṣoṣo lè fún ènìyàn ní iye yẹn lọ́dún kan. Ní 1899-1900 ó ti di 27,410. Ní 1939-40, 186,500. Òfin Morrill ti 1862 wà lára ohun tó gbé e sókè, òfin tó fún àwọn ìpínlẹ̀ ní ilẹ̀ ìjọba kí wọ́n fi owó rẹ̀ dá ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ àti iṣẹ́ ẹ̀rọ sílẹ̀. Èyí tó tún ṣiṣẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ ni pé ilé ẹ̀kọ́ girama tàn kálẹ̀, nítorí kò sẹ́ni tó lè wọ yunifásítì láìjẹ́ pé ó ti parí èyí tó ṣáájú rẹ̀.

Ogun Àgbáyé Kejì wá fi ohun tí mò ń sọ hàn ju ohunkóhun mìíràn lọ. Àwọn ọkùnrin lọ sójú ogun, iye oyè àkọ́kọ́ sì já sí 136,174 ní 1945-46. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 22 oṣù kẹfà 1944, Ààrẹ Roosevelt ti fọwọ́ sí òfin tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí GI Bill, tó ní kí ìjọba san owó ilé ìwé fún sójà tó bá dé láti ojú ogun, kó sì tún fún un ní owó tí yóò fi gbọ́ bùkátà. Sójà tó ju mílíọ̀nù méjì lọ ló fi wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga. Nígbà tó di 1949-50, oyè àkọ́kọ́ ti gun 432,058, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin rẹ̀ ló sì bọ́ sọ́wọ́ ọkùnrin. Lẹ́yìn náà ló tún já. Ní àárín àwọn ọdún 1950, kò tó 300,000 mọ́. Bí ẹnì kan bá ya ìlà láti 1950 dé 1955, tó ní àwọn ará Amẹ́ríkà ti kẹ̀yìn sí ìwé, ìlà rẹ̀ yóò tọ̀nà, ọ̀rọ̀ rẹ̀ yóò sì jẹ́ irọ́. Àwọn sójà ló ti parí ẹ̀kọ́ wọn. Àwọn ọmọ tó sì kàn láti wọlé lẹ́yìn wọn kò pọ̀, nítorí àwọn òbí kò bímọ púpọ̀ nígbà tí ọrọ̀ ajé dẹnu kọlẹ̀ ní àwọn ọdún 1930.

Ìgbì tó tẹ̀ lé e ló gbé wa dé 1970. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn ogun, láti 1946, bẹ̀rẹ̀ sí dàgbà. Rọ́ṣíà ju Sputnik, sátẹ́láìtì àkọ́kọ́, sí òfuurufú ní 1957, ẹ̀rù ba Amẹ́ríkà, wọ́n ṣe òfin ní 1958 láti fi owó ti ẹ̀kọ́ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, ìṣirò àti èdè àjèjì lẹ́yìn. Òfin ẹ̀kọ́ gíga ti 1965 fi owó ìrànwọ́ àti owó yíyá kún un. Láàárín ọdún mẹ́wàá péré, 392,440 ti 1959-60 di 792,316 ní 1969-70. Ìlọ́po méjì! Láti ìgbà náà kò tún sí ọdún mẹ́wàá kan tó sáré tó bẹ́ẹ̀. Ó kọjá mílíọ̀nù kan ní ìparí àwọn ọdún 1980, ó sì tó 2018-19 kó tó kọjá mílíọ̀nù méjì.

Ogun mìíràn tún wà nínú ìgbì yẹn, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í rántí tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ ọkùnrin àti obìnrin. Nígbà ogun Vietnam, ọmọkùnrin tó bá wà ní yunifásítì lè bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n má tíì mú òun lọ sójú ogun. Ẹ wo bí ọ̀pọ̀ yóò ṣe fẹ́ràn ìwé tó! Ìjọba fòpin sí àyè yẹn fún àwọn tuntun ní 1971, ogun náà sì ń parí lọ. Oyè àkọ́kọ́ tí ọkùnrin gbà tó 527,313 ní 1973-74, ó sì rọ̀ sí 473,611 ní 1979-80. Ó di àwọn ọdún 1990 kó tó padà síbi tó wà. Lásìkò kan náà, ìlà àwọn obìnrin kò dúró. Ní 1981-82, obìnrin gba 479,634, ọkùnrin gba 473,364, láti ìgbà náà ni obìnrin sì ti wà níwájú. Ní 2020-21, nínú oyè àkọ́kọ́ ọgọ́rùn-ún, obìnrin gba bíi 58 tàbí 59. Ní oyè másítà, wọ́n ti ju 60 lọ.

Àwọn kan ń fi èyí pariwo pé ọkùnrin ti sá kúrò ní yunifásítì. Ẹ má gbà wọ́n gbọ́ pátápátá. Ọkùnrin tó gboyè àkọ́kọ́ ní 2020-21 ju 800,000 lọ, iye tó ga ju ti 1974 lọ fíìfíì. Ìpín wọn ló kéré sí i, nítorí àwọn obìnrin sáré jù wọ́n lọ. Iye lọ́tọ̀, ìpín lọ́tọ̀. Nǹkan bí ìdajì àríyànjiyàn tí mo ń kà lórí ọ̀rọ̀ yìí ì bá ti parí ká ní wọ́n ya méjèèjì sọ́tọ̀. Ó burú fún àwọn ọmọkùnrin kan lóòótọ́, pàápàá ọmọ tálákà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn.

Kí ló sáré gbé àwọn obìnrin? Òfin wà lára rẹ̀. Títí di 1972, ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn tàbí ti òfin lè díwọ̀n iye obìnrin tí yóò gbà, kò sì sẹ́ni tí yóò mú un. Ní 1969-70, obìnrin kò tó mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó di dókítà oníṣègùn, nínú àwọn tó gboyè òfin wọn ò ju márùn-ún tàbí mẹ́fà lọ. Òfin Title IX ti 1972 ní ilé ẹ̀kọ́ tó bá ń gba owó ìjọba àpapọ̀ kò gbọdọ̀ ya obìnrin sọ́tọ̀. Ìyípadà nínú ilé pẹ̀lú wà níbẹ̀: obìnrin lè pinnu ìgbà tí yóò bímọ, ó sì mọ̀ pé òun yóò ṣiṣẹ́ jálẹ̀ ayé òun, kì í ṣe títí òun yóò fi rí ọkọ. Ẹni tó mọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í yan kọ́ọ̀sì bíi ti ìyá rẹ̀.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ lítíréṣọ̀ ti wọlé. Ní 1970-71, ẹ̀ka tó ń fúnni ní oyè àkọ́kọ́ jù lọ ní Amẹ́ríkà ni ẹ̀kọ́ iṣẹ́ olùkọ́: 176,307, ìdá 21 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo oyè. Nínú obìnrin mẹ́ta tó gboyè lọ́dún yẹn, ó ju ẹnì kan lọ tó gba ti iṣẹ́ olùkọ́. Gẹ̀ẹ́sì náà kún fún obìnrin tó fẹ́ lọ kọ́ ọmọ ní girama. Nígbà tí ilẹ̀kùn ilé ìfowópamọ́, kóòtù àti ọsibítù ṣí, wọ́n bá ibẹ̀ lọ, ta ni yóò bá wọn wí? Ìlà iṣẹ́ olùkọ́ wálẹ̀, kò sì padà dé ibi tó wà mọ́. Ní 2020-21 kò tó 90,000, bíi ìdá mẹ́rin péré nínú ọgọ́rùn-ún. Síbẹ̀ náà, ẹ má rò pé kò sí olùkọ́ mọ́. Ọ̀pọ̀ wọn ń gba oyè àkọ́kọ́ nínú ìṣirò tàbí ìtàn báyìí, wọ́n á wá gba ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ olùkọ́ lé e, tàbí kí wọ́n gba másítà rẹ̀. Oyè másítà ti iṣẹ́ olùkọ́ ju 140,000 lọ lọ́dún.

Ẹ wá wo Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Ní 1970-71, 63,914 ni oyè àkọ́kọ́ rẹ̀. Ní àárín àwọn ọdún 1980, ó ti já sí nǹkan bí 34,000. Lẹ́yìn náà ó gòkè padà! Ní 2008-09 ó tó bíi 55,000. Ìgbà tí ọrọ̀ ajé wó ní 2008, tí àwọn ọmọ àti òbí wọn bẹ̀rẹ̀ sí bẹ̀rù àìríṣẹ́ṣe, ló tún bẹ̀rẹ̀ sí wálẹ̀ ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, nígbà tí àwọn tó wọlé lẹ́yìn ìwópalẹ̀ yẹn ń parí. Ní 2020-21 ó jẹ́ bíi 36,000. Ìyẹn ni pé iye àwọn tó ń gboyè Gẹ̀ẹ́sì nísinsìnyí fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ iye kan náà pẹ̀lú ti ogójì ọdún sẹ́yìn, ó tiẹ̀ lé díẹ̀. Ohun tó yí padà ni pé gbogbo oyè lápapọ̀ ti ju ìlọ́po méjì lọ láti ìgbà náà, tí Gẹ̀ẹ́sì kò bá wọn dàgbà. Láti bíi mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún ní 1971, ó ti dín sí méjì nínú ọgọ́rùn-ún, kò tiẹ̀ pé méjì. Kì í ṣe ìròyìn ayọ̀ fún àwọn olùkọ́ ẹ̀ka náà, iṣẹ́ ń bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ìlà tó wálẹ̀, tó gòkè, tó tún wálẹ̀ yàtọ̀ sí ìlà tó kàn ń rì láti 1970.

Ìlà kọ̀ǹpútà ni mo fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n yín wò dáadáa, nítorí òun ló ń fi gbá yín lójú. Ní 1970-71, oyè àkọ́kọ́ rẹ̀ jẹ́ 2,388 péré. Kọ̀ǹpútà kékeré IBM jáde ní 1981, Macintosh ti Apple ní 1984, àwọn ọmọ sì rọ́ wọ ẹ̀ka náà, tó fi jẹ́ pé ní 1985-86 oyè rẹ̀ ti ju 40,000 lọ. Àwọn yunifásítì kò ní olùkọ́ tó tó, púpọ̀ nínú wọn wá gbé òdiwọ̀n sókè, wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn tí máàkì wọn kò tó. Ariwo náà sì rọlẹ̀ fúnra rẹ̀. Nígbà tó di àárín àwọn ọdún 1990, oyè kọ̀ǹpútà ti já sí bíi 24,000. Íntánẹ́ẹ̀tì dé, ó tún fò: 59,488 ní 2003-04.

Ẹ dúró lórí ọdún yẹn. Oṣù kẹta 2000 ni iye ìpín ìdókòwò àwọn ilé iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì dé góńgó, tó sì wó. Láàárín ọdún méjì tó tẹ̀ lé e, àwọn tó mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ń rìn kiri láìríṣẹ́. Báwo wá ni oyè kọ̀ǹpútà ṣe pọ̀ jù lọ ní 2004? Nítorí àwọn tó gbà á ní 2004 ti yan kọ́ọ̀sì nígbà tí ariwo ṣì ń lọ. Wọ́n jáde, wọn ò bá ọjà tí wọ́n tìtorí rẹ̀ wọlé. Àwọn àbúrò wọn rí ohun tó ṣẹlẹ̀, wọ́n sá. Ní 2008-09 oyè náà ti já sí nǹkan bí 38,000. Àti pé lásìkò tí àwọn tó sá yìí ń parí ohun mìíràn tí wọ́n sá lọ kà, iPhone ti jáde ní 2007, àwọn ilé iṣẹ́ sì ti tún ń wá ẹni tó lè kọ ètò kọ̀ǹpútà lójú méjèèjì. Ẹ̀ẹ̀mejì, nínú ẹ̀ka kan ṣoṣo, ni àwọn tó tẹ̀ lé ìlà kò fi bá ohun tí wọ́n ń lé. Láti ìgbà náà ló ti ń gòkè láìdúró, ó kọjá 100,000 ní 2020-21. Bóyá ìgbà yìí yàtọ̀. Ẹni tó wà níbẹ̀ ní 1985 náà rò pé ó yàtọ̀.

Ohun kan wà nínú ìlà kan náà tí ó yẹ kí àbúrò yín mọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe ohun tí ẹ béèrè. Ní 1983-84, obìnrin gba oyè kọ̀ǹpútà 37 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní 2010, wọ́n ti já sí 18. Wọ́n ti gòkè díẹ̀ láti ìgbà náà, ṣùgbọ́n wọn kò tíì padà dé ibi tí wọ́n wà ní ogójì ọdún sẹ́yìn. Nínú gbogbo ẹ̀ka ńlá, èmi ò mọ èkejì tó rí bẹ́ẹ̀: obìnrin wọlé, wọ́n pọ̀, lẹ́yìn náà wọ́n jáde.

Ìmọ̀ ìṣòwò kò ní ìtàn púpọ̀: ó ti wà níwájú láti ìgbà tí iṣẹ́ olùkọ́ ti kúrò níbẹ̀, bíi ìdá 19 nínú ọgọ́rùn-ún oyè àkọ́kọ́, ó sì jókòó síbẹ̀ bí ọba. Ẹ̀kọ́ ìlera, tí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì jẹ́ olórí rẹ̀, ló sáré láìpẹ́ yìí. Láti bíi 25,000 ní 1970-71, ó ti ju 250,000 lọ ní 2019-20. Àwọn arúgbó ń pọ̀ sí i, àwọn ọsibítù sì ń béèrè oyè àkọ́kọ́ lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì tí wọ́n ń gbà tẹ́lẹ̀ pẹ̀lú oyè ọlọ́dún méjì tàbí ìwé ẹ̀rí ọsibítù. Apá kan nínú ìgòkè yẹn, iṣẹ́ kan náà ni. Ìwé rẹ̀ nìkan ló tóbi sí i.

Wàyí o, oyè dókítà. Bí ẹ bá ṣí ìwé ìṣirò NCES ti àtijọ́, ẹ ó rí i pé oyè dókítà ti 1969-70 jẹ́ 29,866. Bí ẹ bá ṣí tuntun, ẹ ó rí 59,486. Ọdún kan náà, orílẹ̀-èdè kan náà, àwọn ènìyàn kan náà! Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé tẹ́lẹ̀, PhD àti irú rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń pè ní oyè dókítà. Oyè àwọn oníṣègùn, àwọn oníṣègùn eyín àti àwọn lọ́yà ní àpótí tiwọn. Ní nǹkan bí 2010, wọ́n tú àpótí yẹn ká, wọ́n da ọ̀pọ̀ rẹ̀ pọ̀ mọ́ ti dókítà, wọ́n sì ṣírò àwọn ọdún àtijọ́ padà. Ẹni tó bá mú iye láti ìwé àtijọ́ fún 2000, tó mú ti tuntun fún 2015, tó fi ìlà so wọ́n pọ̀, yóò rí ìfò tí kò sẹ́ni tó fò ó. Èmi kò rí àwòrán tí ẹ ní lọ́wọ́, ṣùgbọ́n bí ìlà náà bá fò lójijì ní agbègbè 2010, ẹ ti mọ ibi tó ti wá. PhD gidi ń pọ̀ lóòótọ́, ó kàn ń lọ díẹ̀díẹ̀ ni.

Irú àpótí bẹ́ẹ̀ pọ̀ nínú iṣẹ́ yìí. Ẹ̀ka kan wà tí orúkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọgbà ìtura àti eré ìdárayá. 1,621 ni oyè rẹ̀ ní 1970-71, ó ti ju 50,000 lọ báyìí. Àwọn tó kọ́kọ́ rí i a máa fi rẹ́rìn-ín pé àwọn ọmọ ń lọ kọ́ bí a ṣe ń gbafẹ́. Inú àpótí yẹn ni wọ́n ń ka àwọn tó ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa bí ara ẹ̀dá ṣe ń ṣiṣẹ́ nígbà eré ìdárayá sí, púpọ̀ nínú wọn ló sì fẹ́ tibẹ̀ lọ di oníṣègùn tó ń tọ́jú iṣan àti eegun.

Kí n má gbàgbé èyí, nítorí àwọn àwòrán ẹ̀ka ẹ̀kọ́ kì í gbé e jáde: ìyípadà tó tóbi jù lọ kì í ṣe ohun tí wọ́n ń kà, àwọn tó ń kà á ni. Ní 1976-77, àwọn aláwọ̀ dúdú gba bíi 58,600 nínú oyè àkọ́kọ́, àwọn tó ní ìran Látìn gba 18,743. Ní 2020-21, ti àwọn aláwọ̀ dúdú ti kọjá 200,000, ti àwọn ìran Látìn ti ju 300,000 lọ. Ọmọ tó kọ́kọ́ wọ yunifásítì nínú ìdílé rẹ̀ kì í sábà yan kọ́ọ̀sì bí ọmọ tí bàbá rẹ̀ àti bàbá bàbá rẹ̀ ti lọ síbẹ̀. Ó fẹ́ iṣẹ́ tó lórúkọ, tí ìyá rẹ̀ lè ròyìn fún aládùúgbò. Èyí nìkan ti ṣàlàyé apá kan nínú ìdí tí nọ́ọ̀sì àti ìṣòwò fi ń pọ̀, tí ìtàn àti lítíréṣọ̀ kò fi bá wọn dàgbà, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kórìíra ìwé kíkà.

Ó wá ku àbúrò yín. Nínú àwọn tó kọ́kọ́ wọ ilé ẹ̀kọ́ ọlọ́dún mẹ́rin ní 2014 láti kàwé ní gbogbo àsìkò fún oyè àkọ́kọ́, bíi 64 nínú ọgọ́rùn-ún ló gba oyè náà níbẹ̀ láàárín ọdún mẹ́fà. Àwọn yòókù kò sí nínú ìlà kankan tí ẹ̀gbọ́n yín lè fi hàn yín, nítorí oyè tí a kò gbà, kò sẹ́ni tó ń kà á. Gbèsè owó ilé ìwé ń tẹ̀ lé wọn bẹ́ẹ̀ náà. Ọmọ tí wọ́n fipá tì sí ẹ̀ka tí kò wù ú kì í sábà ṣe tán síbẹ̀, èmi a sì fẹ́ kó parí lítíréṣọ̀ ju kó fi kọ̀ǹpútà sílẹ̀ ní ọdún kẹta lọ. Bí ẹ̀rù owó bá ń ba ilé, kó so ó pọ̀ mọ́ ohun mìíràn, ìṣirò dátà tàbí ọrọ̀ ajé, kó sì wá iṣẹ́ ìdánwò (internship) kan ṣe kó tó jáde. Ìjọba Amẹ́ríkà ní ibì kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pè ní College Scorecard, tó ń fi iye tí àwọn tó gboyè nínú ẹ̀ka kan ní yunifásítì kan ń gbà lẹ́nu iṣẹ́ hàn. Kó lọ wo ẹ̀ka tó wù ú ní ilé ẹ̀kọ́ márùn-ún tó wù ú. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín yunifásítì kan àti èkejì nínú ẹ̀ka kan náà máa ń ya ènìyàn lẹ́nu, àwòrán orílẹ̀-èdè kò sì lè fi ìyẹn hàn án.

Bí ẹ̀gbọ́n yín bá ṣì fẹ́ràn ìlà, kó wo ti ọmọ bíbí. Ní 2007, wọ́n bí ọmọ bíi mílíọ̀nù mẹ́rin àti ọ̀kẹ́ mẹ́rìndínlógún ní Amẹ́ríkà, iye tó ga jù lọ nínú ìtàn wọn nígbà náà. Láti 2008 ni ó ti ń dín kù. Àwọn ọmọ 2007 pé ọdún méjìdínlógún ní 2025. Ní nǹkan bí 2029 ni wọn yóò máa gboyè àkọ́kọ́. Lẹ́yìn wọn, àfi bí ìpín àwọn tó ń wọlé bá pọ̀ sí i tàbí bí àwọn àlejò láti òkè òkun bá kún àyè, ìlà gbogbo oyè lápapọ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí wálẹ̀, ti kọ̀ǹpútà lè wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá fi í hàn yín nígbà náà, ẹ kọ́kọ́ bi í pé ọmọ mélòó ni wọ́n bí lọ́dún méjìlélógún ṣáájú.